Físíìsì ni wọ́n fún ọmọ yín ní yunifásítì kékeré: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ní ọdọọdún, nígbà tí orúkọ àwọn ọmọ tó rí ààyè wọ yunifásítì bá ti ń jáde, ìpè máa ń pọ̀ lórí fóònù mi. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, ní Nyanya, ní Mararaba àti ní Gwagwalada ni wọ́n sábà máa ń pè, nítorí wọ́n mọ̀ pé inú yàrá àyẹ̀wò físíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ mi, ní yunifásítì ìjọba kan tí kò tóbi ní àárín gbùngbùn Àríwá. Ìyá Tóbi, tí a jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ Èkìtì ní Kubwa, ni ó pè mí kẹ́yìn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ọmọ rẹ̀ béèrè fún ní yunifásítì ńlá kan. Ààyè kò sí fún un níbẹ̀, yunifásítì kékeré kan sì fún un ní físíìsì. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú pé alẹ́ ni mo pè yín. Kí ni wọ́n ń pè ní físíìsì gan-an? Iṣẹ́ wo ni ẹni tó bá kà á yóò ṣe? Ilé ìwé tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí yìí ńkọ́, ṣé ojúlówó ni dẹ́gírì wọn?" Ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn ju ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti fún gbogbo òbí tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì pín sí ọ̀nà méjì gbòòrò. Ọ̀nà kan ń wádìí ohun ẹlẹ́mìí, bí ewéko, ẹranko, kòkòrò àìfojúrí àti ara ènìyàn. Ọ̀nà kejì ń wádìí ohun aláìlẹ́mìí: òkúta, omi, afẹ́fẹ́, ooru, ìmọ́lẹ̀, ìró, iná mànàmáná, oòrùn àti ìràwọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni a ń pè ní Physical Sciences, abẹ́ rẹ̀ sì ni físíìsì, kẹ́mísírì àti jìọ́lọ́jì wà, pẹ̀lú matimátíìkì àti sìtátísíìsì ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, nítorí pé ìṣirò ni èdè tí gbogbo wọn ń sọ. Bí a bá gbé omi àmàlà kaná, onífísíìsì yóò béèrè bí ooru ṣe ti ara iná gba ara ìkòkò kọjá dé inú omi, àti ìdí tí omi náà fi ń hó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Oníkẹ́mísírì yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èlùbọ́ tó fi kúrò ní ìyẹ̀fun gbígbẹ tó di òkèlè tó ń fà. Onímọ̀ jìọ́lọ́jì yóò sì béèrè ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìkòkò náà àti irú àpáta tó jẹrà di amọ̀ ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú máa ń wà lábẹ́ òrùlé yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, ti yà á sọ́tọ̀ gedegbe.

Ohun kan wà tí mo máa ń tètè sọ fún òbí kí wọ́n má baà rò pé a tàn wọ́n jẹ: físíìsì kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gba dẹ́gírì físíìsì kò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹnjiníà. Ẹnjiníà ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀rọ kí ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Onífísíìsì ń kọ́ ìdí tí ẹ̀rọ náà fi lè ṣiṣẹ́ rárá, àti bí a ṣe ń wọn ohun tí ojú kò lè rí. Wọ́n jọ bára wọn tan, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọn ní ọdún kìíní sì jọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yà lẹ́yìn èyí.

Ìdí tí wọ́n fi fún Tóbi ní físíìsì kò le. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì, matimátíìkì, físíìsì àti kẹ́mísírì nínú ìdánwò JAMB, àwọn mẹ́rin yìí náà sì ni ẹ̀ka físíìsì ń wá. Ẹni tó béèrè fún ìṣègùn yàtọ̀, nítorí bàọ́lọ́jì ló ṣe ní ipò matimátíìkì; nítorí náà, bí ìṣègùn kò bá bọ́ sí i, kẹ́mísírì tàbí ẹ̀ka ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ ọ́, kì í ṣe físíìsì. Òbí tó bá mọ èyí kò ní máa rò pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń fi ọwọ́ fa kádàrá ọmọ òun. Bákan náà, yunifásítì kò lè fi tipátipá yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ padà: orí ètò JAMB tí wọ́n ń pè ní CAPS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ni wọn yóò ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Ní ti ilé ìwé tí Ìyá Tóbi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó yẹ kí a mọ ibi tí irú wọn ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ tí àwọn òbí wa mọ̀ ní Àríwá kò ju mélòó kan lọ: Ahmadu Bello ní Zaria tó ti wà láti 1962, Bayero ní Kánò, Ìlọrin àti Jos tí wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní 1975, àti Yunifásítì Àbújá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ dá mẹ́sàn-án tuntun sílẹ̀ kí àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lè ní tiwọn. Mẹ́fà nínú wọn wà ní Àríwá: Lọ́kọ́ja, Lafia, Wukari, Kashere, Dutse àti Dutsin-Ma. Ọ̀kan bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn Ọ̀yẹ́-Èkìtì, méjì yòókù sì wà ní Otuoke àti Ndufu-Alike. Ní 2013 wọ́n fi mẹ́ta kún un, Birnin Kebbi, Gusau àti Gashua, Àríwá sì ni gbogbo wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ní yunifásítì tiwọn. Èyí túmọ̀ sí pé yunifásítì tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹ wà léwe lè jẹ́ ti ìjọba gidi, tó ń gba owó láti inú àpò kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà. Bí ẹ bá dé irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ wo ara ògiri àwọn ilé ńlá ibẹ̀: ẹ ó rí TETFund tí wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, ètò tó ti wà láti 1993 lábẹ́ orúkọ mìíràn kí òfin 2011 tó sọ ọ́ di TETFund.

Ohun tó ń fi dẹ́gírì hàn bí ojúlówó ni ìfọwọ́sí NUC, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Wọn a béèrè pé, "Ṣé NUC fọwọ́ sí yunifásítì yìí?" Ìbéèrè yẹn kò tó. NUC kò kàn ń fọwọ́ sí yunifásítì lápapọ̀. Ó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì mìíràn ni wọ́n máa ń wá. Wọn a ka iye olùkọ́ àti ipò tí wọ́n wà, wọn a wọ yàrá àyẹ̀wò, wọn a tan ẹ̀rọ wò, wọn a wo ilé ìkàwé, wọn a sì ka ìwé ìdánwò tí àwọn ọmọ ti kọ. Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá, mo sì lè jẹ́rìí pé wọ́n ń fi ọwọ́ kan nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ka náà lè gba ìfọwọ́sí kíkún, tí yóò lo ọdún márùn-ún kí wọ́n tó padà wá. Ó lè gba ti ìgbà díẹ̀, tí yóò lo ọdún méjì kí ó lè tún ohun tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Tàbí kí wọ́n má fọwọ́ sí i rárá, èyí tó túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ ni: "Irú ìfọwọ́sí wo ni ẹ̀ka físíìsì yín ní báyìí, ọdún wo ni yóò sì parí?" Ó ṣeé ṣe kí yunifásítì kékeré ní ìfọwọ́sí kíkún ní físíìsì nígbà tí yunifásítì olórúkọ ńlá ń lo ti ìgbà díẹ̀ nínú ẹ̀ka kan náà. Lójú òfin, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ka tó ní ìfọwọ́sí jẹ́ ọ̀kan náà, ibi yòówù kí ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa Yorùbá tó ń gbé ní Àríwá gan-an, tí ó sì ti dá ìbànújẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé kí àwọn yunifásítì rẹ̀ pín ààyè sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó mókè jù láìwo ìpínlẹ̀, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, àti ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gbòòrò tó. Òbí tó ti gbé Àbújá láti ọgbọ̀n ọdún, tí ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, máa ń rò pé ọmọ òun yóò jẹ àǹfààní ọmọ àdúgbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tí a bí i sí. Ọmọ Èkìtì tí a bí ní Kubwa ṣì jẹ́ ọmọ Èkìtì níwájú JAMB. Ní ìdà kejì, Yorùbá tó jẹ́ ọmọ Kwárà tàbí ọmọ Kogí, yálà ará Ọ̀ffà, ará Òmù-Àrán, ará Kàbbà tàbí ará Mọ̀pà, wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ìdá 20 náà wà fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Àmọ́ físíìsì kì í sábà ní èrò tó pọ̀ bíi ti ìṣègùn tàbí òfin, nítorí náà ìdíje ibẹ̀ kì í le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí àmì JAMB rẹ̀ kò gbé e dé ibi tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ lè rí ààyè níbẹ̀ láìsí màgòmágó kankan.

Ní báyìí, kí ni ọmọ yóò máa ṣe fún ọdún mẹ́rin? Ọdún kìíní kì í jẹ́ ti físíìsì nìkan. Yóò ka físíìsì, matimátíìkì, kẹ́mísírì, kọ̀ǹpútà díẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní yúnítì, ìwọ̀n yìí sì ni ó ń da ọ̀pọ̀ òbí lójú rú nígbà tí èsì ìdánwò bá dé. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní ọmọ kan ṣe ẹ̀kọ́ mẹ́fà ní sáà kan: PHY 101 tó ní yúnítì 2, ó gba B, PHY 107 tó jẹ́ ti yàrá àyẹ̀wò, yúnítì 1, ó gba A, MTH 101, yúnítì 2, ó gba D, CHM 101, yúnítì 2, ó gba C, CHM 107, yúnítì 1, ó gba B, àti GST 111 tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, yúnítì 2, ó gba A. A dúró fún 5, B fún 4, C fún 3, D fún 2, F fún òdo. Ẹ fi yúnítì sọ èyí tó gbà di púpọ̀, kí ẹ wá ṣe àròpọ̀: 8 àti 5 àti 4 àti 6 àti 4 àti 10, ó jẹ́ 37. Yúnítì lápapọ̀ jẹ́ 10. Ẹ pín 37 sí ọ̀nà 10, ó di 3.70. Láti 3.50 dé 4.49 ni ipò kejì ti òkè, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń wá, láti 4.50 lọ sókè ni ipò kìíní, láti 2.40 dé 3.49 ni ipò kejì ti ìsàlẹ̀. Ọmọ yìí ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní ó fìdí rẹmi nínú MTH 101, tí ó gba F dípò D: àròpọ̀ rẹ̀ yóò di 33, ìpín rẹ̀ yóò di 3.30, ipò rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀, yàtọ̀ sí pé yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ní ọdún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe láìnídìí ni mo fi matimátíìkì ṣe àpẹẹrẹ. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti rí tí físíìsì bì ṣubú, matimátíìkì ló bì wọ́n, kì í ṣe físíìsì fúnra rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé bí a bá ju òkúta sókè yóò padà wálẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó fi ìṣirò sọ ìgbà tí yóò padà dé àti bí eré rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó nígbà tó bá ń kan ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti ná lórí ọmọ kí ó tó wọlé, ẹ má fi ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ẹ wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní matimátíìkì fún oṣù méjì.

Yàrá àyẹ̀wò ni ìlú mi, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ọmọ yóò kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni kí ó so irin róbótó kékeré mọ́ okùn, kí ó gbé e kọ́, kí ó máa jù ú síwá sẹ́yìn bí ọmọdé ṣe ń fì lórí jangirọ́fà. Bí okùn náà bá gùn tó mítà kan, àlọ àti àbọ̀ kan yóò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Láti inú gígùn okùn àti àkókò yìí, ọmọ náà lè ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ohun gbogbo wálẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9.8. Ọmọ tuntun máa ń ka àlọ àti àbọ̀ kan ṣoṣo, yóò sì rí 2.05, ìṣirò rẹ̀ yóò gbé e lọ sí 9.39, ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n. Èmi náà yóò béèrè pé, "Àtàǹpàkò rẹ ńkọ́? Báwo ló ṣe yá tó lórí aago náà?" Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá dé ibi pé kò ní fi ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá pẹ́. Bí ó bá ka ogún àlọ àti àbọ̀, tí aago fi 40.1 hàn, tí ó wá pín in sí ogún, àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ yóò pín sí ogún pẹ̀lú, yóò rí 2.005, ìṣirò rẹ̀ yóò sì fún un ní 9.82. Ní ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di onísáyẹ́ǹsì, nítorí ó ti mọ̀ pé kò sí ìwọ̀n tí kò ní àṣìṣe nínú, àti pé iṣẹ́ òun ni láti mọ bí àṣìṣe náà ti pọ̀ tó kí òun sì sọ ọ́ jáde. Ẹni tó bá kọ 9.80 gẹ́lẹ́ sílẹ̀ láìwọn nǹkan kan ni mo máa ń fa ìwé rẹ̀ ya.

Ẹ kíyè sí i pé okùn, irin àti aago ni gbogbo iṣẹ́ yìí gbà. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ohun tí físíìsì nílò kò pọ̀ ju èyí tí yunifásítì kékeré lè ní lọ, ibí yìí sì ni kíkéré ti ń di èrè. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún méjì ti ń pín ẹ̀rọ mẹ́wàá lò, ẹni mọ́kàndínlógún yóò máa wo ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Níbi tí wọn kò ti ju ogójì lọ, ọwọ́ gbogbo wọn yóò kan ẹ̀rọ. Olùkọ́ yóò mọ orúkọ ọmọ yín, yóò mọ̀ bí kò bá wá, ìwé ìjẹ́rìí tí yóò kọ fún un lọ́jọ́ iwájú yóò sì jẹ́ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Láti ọdún kẹta ni àìtó ti ń hàn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú nǹkan, àti maikirosíkópù tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀, kì í sábà sí ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Iná máa ń lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dé àárín. Olùkọ́ àgbà kì í pọ̀, àwọn mìíràn sì wá láti yunifásítì mìíràn fún ọdún kan péré. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ń gbé àpẹẹrẹ òkúta tàbí erùpẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Ní Sheda, lójú ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja, ìjọba ní ibùdó sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní SHESTCO. Ní Zaria, inú Yunifásítì Ahmadu Bello, ẹ̀rọ átọ́mù kékeré kan wà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004, tí wọ́n dìídì ṣe fún ìwádìí. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílówáàtì 30 péré, ṣùgbọ́n ó lè sọ irú èròjà tó wà nínú erùpẹ̀ àti bí ó ti pọ̀ tó. Ní 2018 wọ́n yí epo inú rẹ̀ padà sí irú èyí tí a kò lè fi ṣe ohun ìjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní olùkọ́ tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilé ìwé òun kéré. Èyí tí kò bá ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára.

Iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ọmọ máa ń ṣe ní ọdún kẹrin sábà máa ń jẹ́ ti àdúgbò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí àpáta líle ni Àbújá àti àyíká rẹ̀ jókòó lé; omi kò sí káàkiri lábẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ibi tí àpáta ti jẹrà tàbí ibi tó ti sán ni ó ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò méjì fi lè gbẹ́ bóhòlù, tí ọ̀kan rí omi tí èkejì sì pàdánù owó rẹ̀ sínú ihò gbígbẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì yóò gbá ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, yóò ti iná láti inú bátìrì gba ara méjì tó wà lẹ́yìn wọ inú ilẹ̀, yóò sì fi méjì tó wà láàárín wọn ohun tó bá padà jáde. Bí ó bá ṣe ń fa ọ̀pá ẹ̀yìn jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń lọ jinlẹ̀ sí i. Àpáta gbígbẹ ń dí iná lọ́wọ́. Ibi tó rin ń jẹ́ kí ó kọjá. Láti inú èyí, ó lè sọ bí a óò ti gbẹ́ jìn tó kí a tó dé ibi tí omi lè wà. Kò jẹ́ ìdánilójú pátápátá, nítorí amọ̀ tútù tí kò ní omi tó ṣeé fà pẹ̀lú máa ń jẹ́ kí iná kọjá, ṣùgbọ́n ó sàn fíìfíì ju pé kí a gbẹ́ ilẹ̀ láìwádìí lọ.

Àwọn tó ń rò pé ẹ̀kọ́ ohun aláìlẹ́mìí kò kan ẹ̀mí ènìyàn, kí wọ́n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010. Àwọn ará abúlé ń wa góòlù, wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń rá lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní gìrì, wọ́n ń kú. Iye àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ni wọ́n kọ́kọ́ ta ìjọba lólobó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn pé òjé ni, ẹ̀rọ ìtànṣán X tí a lè fi ọwọ́ gbé ni wọ́n sì gbé kiri láti fi mọ agbo ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ní abúlé bíi Dareta àti Yargalma, kí wọ́n tó kó erùpẹ̀ náà kúrò. Ẹni tó mọ bí ìtànṣán ṣe ń bá átọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ ló lè ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ àṣìṣe ìwọ̀n ló sì lè gbà á gbọ́.

Ní ti àkókò àti owó, n kò ní fi bò. Ọdún mẹ́rin ni ìwé wí, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì lè sọ ọ́ di márùn-ún. Èyí tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2022 kò parí títí di oṣù kẹwàá. Ilé ìwé ìjọba ni gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí dá lé, ọmọ ibẹ̀ sì lè béèrè ẹ̀yáwó NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Wọ́n ń san owó ilé ìwé tààrà fún yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ sì lè gba owó ìtọ́jú lóṣooṣù. Kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ "onífísíìsì" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò pọ̀, òtítọ́ nìyẹn. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ń dà, ilé ẹ̀kọ́ girama kò sì ní wọn tó rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí wọ́n ń pè ní PGDE, yóò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn wà ní NiMet tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, ní àjọ òfuurufú tó wà ní Lugbe, tó fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè ní 2003, tàbí ní àjọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán olóró kí ó má ṣe ènìyàn léṣe. Ilé ìwòsàn tó ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ, bíi National Hospital ní Àbújá, gbọ́dọ̀ ní onífísíìsì tí yóò ṣírò iye ìtànṣán tí aláìsàn lè gbà, ṣùgbọ́n dẹ́gírì kejì ni ẹni náà gbọ́dọ̀ kà kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo kọ́ ló ń ṣe iná sólà báyìí, ìwọ̀nba wọn sì wà ní báńkì. Oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ètò SIWES tó ti wà láti 1973, ni ó sábà máa ń pinnu ibi tí yóò bọ́ sí. Kí òbí má ṣe jẹ́ kí ó fi ìgbà yẹn jókòó sí ọ́fíìsì ẹnì kan máa tẹ ìwé. Ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ̀ síwájú, kí ó mọ̀ pé ibùdó kan wà ní Trieste ní Ítálì, ICTP, tí Abdus Salam ọmọ Pakistan dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Kigali láti 2018. Wọ́n ń gba ọmọ láìgba owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ. Èsì dẹ́gírì, irú ìwọ̀n tí mo ṣírò lókè, wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Mo sọ fún Ìyá Tóbi pé kí òun àti ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó fèsì lórí CAPS. Kí wọ́n béèrè irú ìfọwọ́sí tí ẹ̀ka náà ní, kí wọ́n béèrè iye olùkọ́ tó jẹ́ ti ilé ìwé náà gan-an, kí wọ́n sì bẹ ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú páálí tí eruku ti bò, kí wọ́n béèrè ìdí. Wọ́n lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pè mí nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó ní olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ló mú wọn yíká, pé ìfọwọ́sí wọn jẹ́ kíkún, pé olùkọ́ wọn mọ́kànlá, pé ẹ̀rọ mẹ́ta ti bàjẹ́ kò sì fi pamọ́ fún àwọn. Ó ní Tóbi dúró ti tábìlì kan, ó ń fi okùn àti irin kan ṣeré, olùkọ́ kan sì gbé aago lé e lọ́wọ́ pé kí ó ka ogún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ lórí CAPS pé òun gbà.